Wòlíì Náà Kò Rí Kóńgò Mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Gààrí ni mò ń tà ní ọjà Òmù-Àrán, èmi náà ni mo sì ń yan án. Ọmọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín bọ̀ láti Ìlọrin. Bí mo bá kà á tán, mo máa ń gbé e fún Bàbá, ọkọ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìpolówó ìpàdé ìsọjí kan nínú rẹ̀, odindi ojú ewé kan. Àwòrán ìgò òróró wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i, wọ́n ní ẹni tó bá ra méjì yóò gba aṣọ àdúrà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò mọ ẹni tó fẹ́ ṣe ìpàdé náà, mi ò sì ní sọ pé èké ni. Àmọ́ mo mọ irú ìgò bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ní ọdún 2021, ọkùnrin kan wá ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní pápá kan ní agbègbè wa. Rédíò la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlú ká. Ó ti di ọdún kẹfà nígbà náà tí Bàbá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara wọn le, ṣùgbọ́n oògùn ti sú wọn. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má ráhùn pé ṣé bí àwọn yóò ṣe máa gbé hóró oògùn mì títí wọn yóò fi gbé àwọn wọlẹ̀ nìyí. Èmi ní tèmi, ọjà ni kò yá. A múra, a lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà pápá náà, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ funfun ń pín ìwé pélébé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, kó kọ agbo ilé rẹ̀, kó kọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ tiwa. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wòlíì náà dúró lórí pèpéle, ó di ojú, ó pe orúkọ ọkọ mi, ó pe agbo ilé wọn, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò sinmi lára wọn. Gbogbo pápá hó yè. Èmi tí mo kọ gbogbo rẹ̀ lánàá, mo bú sẹ́kún, mo ní Ọlọ́run ti rí wa. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ìwé pélébé yẹn tó sọ sí mi lọ́kàn.

Ó ní kí Bàbá da oògùn nù, pé ẹni tó bá ṣì ń lo oògùn kò tíì gbàgbọ́. Ó ní kí a ra òróró, ₦15,000 ìgò kan, kí wọ́n máa mu ṣíbí kan lálaalẹ́. Ó wá ní òun rí obìnrin kan nínú agbo ilé: ó ga, ó dúdú, ó dàgbà ju ọkọ mi lọ, oúnjẹ ló sì fi ń mú wọn.

Olóòtú, èwo ni agbo ilé nílẹ̀ Ìgbómìnà tí kò ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀? Tiwa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Ìyá Ọkọ. Àwọn ló tọ́ Bàbá nígbà tí ìyá wọn kú. Èlùbọ́ ni wọ́n ń ṣe ní Ìsánlú-Ìsin, oṣooṣù sì ni wọ́n ń gbé kóńgò mẹ́rin wá fún wa láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún gbé e dé, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Bí wọ́n ti jáde ni mo gbé èlùbọ́ náà lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, mo dà á nù. Wọ́n ti gbàgbé ìborùn wọn, wọ́n padà wá mú un, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gbọn ìdí àpò. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú ìborùn, wọ́n lọ.

Òróró tán, a ra òmíràn. Wọ́n ní ká gbin irúgbìn, ìyẹn ni pé ká mú ọrẹ owó wá, kí ìwòsàn náà lè dúró, a ta ewúrẹ́ méjì, mo tún mú owó iléèwé ọmọ lé e. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ ₦120,000. Ara Bàbá le, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń jẹ́rìí káàkiri. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn. Ó lè ga kọjá ààlà kí onítọ̀hún má mọ nǹkan kan lára. Ní oṣù kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo gbọ́ tí wọ́n ṣubú. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún kò gbé. A gbé wọn gba Òró, a gba Àjàṣẹ́ Ìpo, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi wọ Ìlọrin. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó bi mí pé oògùn wo ni wọ́n ń lò, mi ò rí èsì fún un. Wọ́n ní ká san owó kí wọ́n tó gbà wá, mi ò ní. Ìyá Ọkọ ló san án, owó èsúsú tí wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé wọn ṣe. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì títí di ọ̀sán, wọn ò dárúkọ èlùbọ́.

Nọ́ńbà wòlíì náà kò wọlé mọ́. Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni kóńgò mi. Oníbàárà tó bá gbọ́n máa ń dojú kóńgò dé kó tó jẹ́ kí wọ́n wọn gààrí fún òun, torí àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú kó má baà gbà púpọ̀. Mo wà lára àwọn kan yẹn. Ọdún márùn-ún ni mo fi lo irú kóńgò bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń fi ènì díẹ̀ bo ojú rẹ̀. Wòlíì náà ní kí n wọ́n òróró sí ìsọ̀ mi kí oníbàárà lè ya wá. Mo wọ́n ọn, ó sì ta sára kóńgò yẹn gan-an. Ọkùnrin tó rí ìyá tó tọ́ ọkọ mi dàgbà lójú ìran, kò rí kóńgò. Ká ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀ ni, ṣé kóńgò kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ bá mi wí lé lórí? Nígbà tí Nátánì lọ bá Dáfídì, ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Èlíjà bá Áhábù nínú ọgbà àjàrà Nábótì, kò ní kó lọ wá ẹni tó ń ṣe é nílé baba rẹ̀. Gbogbo ibi tí wòlíì tiwa rí, ara ẹlòmíràn ló wà, ó sì dùn mọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Inú ìjọ ECWA ni wọ́n bí mi sí. Ìgbàjà ni pásítọ̀ wa ti kẹ́kọ̀ọ́, ó mọ Ìwé. Nígbà tó bá wá kí wa, a máa gbé òróró pamọ́. Láti ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a dáwọ́ lé e, kí onígààrí náà lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Tiwa kì í jáde nínú báàgì láti Ọjọ́ Ìsinmi kan dé èkejì, àfi bí ọmọ tuntun bá dé ká fi sí ìgbèrí rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá lè jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí kan láràárọ̀ kí n tó lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣí i. Lọ́jọ́ tí a dé Deutarónómì orí 13, wọ́n ní kí n tún un kà. Ó ní bí wòlíì bá fúnni ní àmì, tí àmì náà tilẹ̀ ṣẹ, ká má tẹ̀lé e bó bá ń fà wá kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí a fi ń gbèjà wòlíì náà ni pé ó sáà pe orúkọ wa. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka ìwé pélébé kankan, ibi tó darí wa sí ló yẹ ká wò, ààtàn ló sì darí mi sí, pẹ̀lú àpò èlùbọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé mi ò gba ìwòsàn àdúrà gbọ́ mọ́ ni. Mo gbà á gbọ́. Òdò-Ọwá kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n bí Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1904. Ìyá ìyá mi wọ rélùwéè ní Ọ̀fà lọ sí Òṣogbo, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Òkè-Ooye ní Iléṣà ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí ńlá tí Babalọlá ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbé omi lọ, wọ́n gbé e bọ̀, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ìgbà náà kọ oògùn sílẹ̀, débi pé ó dìjà láàrin wọn àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó ń lo kúnínì, oògùn ibà. Pásítọ̀ wa kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ìyẹn, èmi náà kò gbà. Ṣùgbọ́n ara tiwọn ni wọ́n fi gba ohun tí wọ́n gbàgbọ́, wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, torí àwọn ló ń yẹ ẹ̀tẹ̀ wò láyé ìgbà náà. Kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Ní ọdún 2004, àjọ NBC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí tẹlifíṣọ̀n má gbé ìyanu tí kò ní ẹ̀rí jáde mọ́. Mo mọ̀ pé àṣẹ yẹn kò kan ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gba owó ìpolówó ìgò òróró, ẹ bi ẹni tó gbé e wá bóyá ìwé dókítà wà lọ́wọ́ àwọn tó ní òun wò sàn. Kí ẹ sì fi ìlà kan sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da oògùn dúró.

Mo ti ra kóńgò tuntun. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi níkọ̀ọ̀kan ohun tí mo ṣe sí èyí àtijọ́. Àwọn kan bínú lọ, ẹ̀tọ́ wọn ni. Alhaja kan tó máa ń wá ra àpò mẹ́ta láti Ìlọrin dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní odindi súrà kan wà nínú Kùránì, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Wọ́n ṣì ń rà lọ́wọ́ mi. Èrè mi ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́.

Mo lọ sí Ìsánlú-Ìsin, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú Ìyá Ọkọ. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wá bá àwọn kó èlùbọ́ tó wà lórí àpáta, torí òjò ti ṣú.

Ìparí oṣù yìí ni ìpàdé tí wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn yín yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ṣùgbọ́n kó gbé hóró oògùn rẹ̀ mì kó tó jáde nílé, kó má sì kọ orúkọ agbo ilé rẹ̀ sínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Ìyá Onígààrí,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.