Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ ṣírò omi kí ẹ tó ṣírò góòlù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àwọn ọ̀dọ́ ò yéé wá sí Sábọ́n Gàrí ní Kano níbí láti bèèrè dítẹ́ktọ̀, ẹ̀rọ tó ń dún bí góòlù bá wà nínú ilẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí òkè Djado lórílẹ̀-èdè Niger, tàbí òkè Tibesti ní Chad. Gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n ń ta gíráàmù góòlù kan. Ẹ bi wọ́n ní iye lítà omi tí wọn yóò mu lóòjọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára, torí omi ló ń pinnu ibi tí ẹsẹ̀ lè dé lórí àwọn òkè yẹn.

Ẹni tó ń walẹ̀ nínú ooru tó ju dígírì 40 lọ lè làágùn tó lítà 1 ní wákàtí kan. Lítà 10 lóòjọ́ kì í ṣe àsọdùn fún un. Ènìyàn 4 fún ọjọ́ 6, lítà 240 nìyẹn, mímu nìkan. A ò tíì dáná, a ò sì tíì bu omi sí rédíétọ̀. Ẹ fi ìdámẹ́ta rẹ̀ lé e nítorí ọkọ̀ lè dákú lọ́nà, ó di 320: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, 13. Kìlò 1 ni lítà omi kan, nítorí náà omi nìkan ti ju kìlò 300 lọ nínú Hilux tí kò yẹ kó ru ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 lọ. Àwọn awakọ̀ tó ń kó èrò bíi 25 sẹ́yìn Hilux láti ìlú Agadez ní Niger la aṣálẹ̀ Ténéré kọjá, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé irú omi bẹ́ẹ̀ sí?

Ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọkọ̀ ti dúró, ni ìṣòro gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn ènìyàn ló kù tí yóò ru ẹrù. Lítà 10 jẹ́ kìlò 10. Ẹ ka dítẹ́ktọ̀ àti bátìrì rẹ̀ mọ́ ọn, dígà, ṣọ́bìrì, oúnjẹ, aṣọ òtútù (òtútù òru ní Tibesti lóṣù Kìíní lè sọ omi di yìnyín), ó ti ju kìlò 20 lọ, omi ọjọ́ kan péré ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ràkúnmí tí yóò bá a ru omi kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó lè lọ, kó sì padà, láàárín ọjọ́ kan. Bí ìdámẹ́ta omi bá ti tán, kó yíjú padà, ì báà jẹ́ pé dítẹ́ktọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún ni. Ìdajì ti pẹ́ jù, torí àárẹ̀ àti oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí omi tí èèyàn ń mu nígbà tó ń padà bọ̀ pọ̀ ju ti àlọ lọ.

Omi lásán náà léwu. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde. Ẹni tó bá ń rọ omi sínú láìfi iyọ̀ dípò, orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, gìrì sì lè gbé e. Ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò ga kọjá ẹnu ṣíbí, sínú lítà omi 1, ni kí wọ́n pò. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, omi ti dín lára jù. Bí ẹnì kan bá wá ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji kíákíá, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà.

Àárẹ̀ ń jẹ góòlù náà pàápàá. Awo tó wà nísàlẹ̀ dítẹ́ktọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fì í láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Bí èjìká bá ti ro, èèyàn á máa gbé e sókè níparí ìfì kọ̀ọ̀kan, góòlù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ò sì ní dún mọ́. Ẹ máa pààrọ̀ ọwọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òkúta dúdú tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ náà máa ń dún lásán. Ẹni tó rẹ̀ á máa wa gbogbo rẹ̀, á sì fi òógùn rẹ̀ ṣòfò. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kó dúró ní aago 10, kó tún bẹ̀rẹ̀ ní aago 4.

Ẹ má sùn sójú odò gbígbẹ: òjò tó rọ̀ lórí òkè tó jìnnà lè dé bá yín lóru. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nítorí àkekèé. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú kòtò, èéfín rẹ̀ tí kò hàn ń pani. Ní Tibesti, bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ láti ìgbà ogun Chad àti Líbíà ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà, ipasẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà déédéé nìkan ni kí ẹ tọ̀. Ìjọba Niger sì ti ibi ìwakùsà góòlù Djado pa lọ́dún 2017. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kò lè retí ọkọ̀ ìjọba tí yóò wá a kiri.

Olóòtú, bí ìwé ìròyìn yín bá tún gbé iye góòlù aṣálẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìṣirò omi òkè yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú ewé kan náà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ìwakùsà,
Sábọ́n Gàrí, Kano