Lẹ́tà sí Màmá Ilésà, nípa ẹran tí mo fi sílẹ̀ nínú àwo

Ẹ̀yin Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mo mọ̀ pé àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ yín ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹbí ti lè rí i, nítorí pé ìṣojú gbogbo ẹbí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ẹ bu iyán fún mi, ẹ fi ègé ẹran ewúrẹ́ tó tóbi jù nínú ìkòkò sí ọbẹ̀ mi, mo sì rọra yọ ọ́ sí etí àwo. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ kàn gbé àwo náà, ẹ wò ó, ẹ sì gbé e padà sí ilé ìdáná. Mo rí ojú yín, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nínú ilé tí ẹ ti tọ́ wa, ẹran kì í ṣe oúnjẹ lásán, àpọ́nlé ni. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń pín in. Ẹ ó mú ti Bàbá kúrò, ẹ ó mú ti àlejò kúrò, kí ó tó kan àwa ọmọdé, ọmọ tó bá sì sáré jẹ ẹran rẹ̀ kí iyán tó tán, ẹ ó ṣẹ́jú sí i títí yóò fi dáwọ́ dúró. Ẹni tí ègé ńlá bá kàn, gbogbo ilé mọ̀ pé ẹ pọ́n ọn lé. Bí mo bá wá dá irú ègé bẹ́ẹ̀ padà láìsọ ìdí, ẹ kò jẹ̀bi bí ẹ bá rò pé ìfẹ́ yín ni mo dá padà. Èmi ni mo jẹ̀bi, tí mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí n kò sì là á yé yín.

Ẹ rántí ìgbà ìsìnkú Bàbá àgbà. Èmi ni ẹ rán lọ ra ewúrẹ́ méjì ní Ifẹ̀. A dì wọ́n lẹ́sẹ̀, a kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, a sì pa ìdérí rẹ̀ dé. Láti Ifẹ̀ títí a fi kọjá Òṣù ni ọ̀kan nínú wọn ń ké, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ Ilésà, igbe náà dákẹ́, ẹ̀rù sì bà mí, mo ní kí awakọ̀ dúró. Ó ṣì wà láàyè nígbà tí a ṣí i. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti tọ̀ sára, ó sì na ọrùn, ó fi imú kan ọwọ́ mi bí ẹni pé mo wá gbà á sílẹ̀. N kò gbà á sílẹ̀. Ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n dúńbú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yín, mo sì jẹ nínú ẹran rẹ̀ nítorí pé ojú ń tì mí láti kọ̀. Ẹran tí mo jẹ kẹ́yìn nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, nígbà tí oúnjẹ mìíràn wà tó lè yó mi, tó sì lè gbé ara mi ró, kí ni ẹran yìí ṣe fún mi tí mo fi gba ẹ̀mí rẹ̀? N kò rí èsì fọ̀. Èdè wa gan-an mọ̀ pé ẹ̀mí ni: mọ́ínmọ́ín ọdún tí ẹ máa ń fi ẹyin, ẹja, edé àti ẹran sí, ẹlẹ́mìí méje ni ẹ ń pè é. N kò fi èyí bá ẹnikẹ́ni jà o. Ẹni tó ń ra ẹran lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ọmọ rẹ̀ lè tọ́ ọ wò, èmi kọ́ ni n óò dá a lẹ́jọ́. Ọwọ́ èmi náà kò sì mọ́ tán, nítorí pé àgbẹ̀ tó gbin iṣu tí mò ń jẹ ń dẹ pàkúté fún òkété àti ọ̀yà nínú oko rẹ̀. Ìwọ̀nba tó wà ní ìkáwọ́ mi ni mo dá dúró.

Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni mo kó wálé. Lóòótọ́ ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ náà, vegan, ní ọdún 1944, fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ya ẹnu rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára oúnjẹ kan kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ní Ifẹ̀ níbí, àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí wọn. Ìyàwó ilé yín tí ìgbín jẹ́ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ ńkọ́, ṣebí ẹ máa ń bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ìgbín sí ti àwọn yòókù? Wọ́n bí i bá èèwọ̀ tirẹ̀ ni, èmi ni mo sì yan tèmi, ṣùgbọ́n n kò gbà pé èyí tí ènìyàn fi ọkàn ara rẹ̀ yàn fúyẹ́ ju èyí tó jogún lọ. Àwọn mìíràn a bi mí bóyá mo ti di ọmọ ìjọ Adventist, nítorí pé ìjọ náà máa ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú láti fi ẹran sílẹ̀. Ìjọ wa náà ni mo ṣì wà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ sì kọ́ mi ní ìtàn Dáníẹ́lì, tó fi ọjọ́ 10 jẹ ewébẹ̀ tó sì mu omi lásán ní Bábílónì, tí ojú rẹ̀ sì dán ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba lọ.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù. Ẹ ní mo rù, ẹ kò sì purọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo kàn yọ ẹran kúrò ni, n kò fi ohunkóhun dípò rẹ̀: búrẹ́dì láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, òòyì a máa kọ́ mi. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò tó. Dókítà ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé pé ẹ̀wà gbígbẹ tí a kò tíì sè, bí ó bá jẹ́ gíráàmù 100, nǹkan bíi gíráàmù 23 nínú rẹ̀ jẹ́ èròjà tó ń mú ara dàgbà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, nítorí náà kí n máa fi ọsàn tì í, kí n má sì máa mu tíì mọ́ oúnjẹ. Ọ̀kan kù tí kò sí nínú ewé tàbí èso kankan tí ènìyàn lè gbára lé, òun ni fítámì B12. Máíkírógíráàmù 2.4 péré ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn tètè mọ̀. Oògùn rẹ̀ ni ẹ rí nínú báàgì mi, tí ẹ fi rò pé àìsàn kan ń ṣe mí tí mò ń fi pamọ́ fún yín. Mò ń lò ó déédéé, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti pé báyìí.

Ní ti ìdáná, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi, n kò sì jìnnà sí ohun tí ẹ kọ́ mi. Àkàrà, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, àsáró, gbogbo wọn ni mo ṣì ń jẹ. Bí mo bá fẹ́ ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí epo pupa gbóná díẹ̀, n óò da irú sí i kí ata tó wọlé, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo ilé débi pé kò sí ẹni tí yóò bèèrè ẹja. Olú ni mo ń fi sí i, mo sì ń fi ọwọ́ ya á ni, n kì í fi ọ̀bẹ gé e, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń le díẹ̀ lẹ́nu bíi ṣàkì. Ohun tó ṣòro ni èyí tí a kì í fojú rí: edé lílọ̀ nínú ẹ̀gúsí, omi ẹran tí wọ́n fi se ìrẹsì, magí tí wọ́n fi edé ṣe, panla tó ti yọ́ mọ́ ọbẹ̀. Lóde àríyá, wọ́n a ní kò sí ẹran níbẹ̀, wọn kò sì purọ́ lójú ara wọn, torí pé wọn kò ka ẹja sí ẹran, wọn kò sì ka edé sí nǹkan kan. Mo ti ń di oúnjẹ mi dání lọ báyìí.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń bọ̀ nílé. Mo ti ra irú, mo sì ti sá olú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gún iyán. Ẹ bá mi bu ẹ̀gúsí tèmi sínú ìkòkò kékeré tí etí rẹ̀ kan ti já yẹn, kí edé àti panla tó wọ inú èyí tó kù. Bí ẹ bá sì máa se mọ́ínmọ́ín, ẹ pọ́n tèmi láìfi ẹ̀mí kankan sí i, kí ẹ wá fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ so ewé eéran rẹ̀ lórí, kí a lè dá a mọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́mìí méje nínú ìkòkò.

Ọmọ yín ní Ifẹ̀.