Lẹ́tà sí àbíkẹ́yìn mi, nípa ìgbà ooru tí kò ní rántí

Ọmọ mi,

Bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ẹsẹ̀ mi òsì lo sùn sí, itọ́ ẹnu rẹ sì ti rin ṣòkòtò mi gbingbin. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù méjì ni ọ́. Ẹsẹ̀ náà ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ mira, torí odidi wákàtí kan la fi bẹ̀ ọ́ kí oorun tó gbé ọ lọ.

Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í rántí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Mo kà á, mo sì bojú wò ọ́. Gbogbo ìgbà ooru yìí máa jò dà nù lórí rẹ bí omi inú asẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá máa rántí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin máa rántí, á sì fi irọ́ díẹ̀ kún un. Ìwọ nìkan ni ọwọ́ rẹ máa ṣófo, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo jẹ̀gbádùn rẹ̀ jù nínú ilé yìí.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Títí mo fi lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn nípa ọjọ́ tí mo ré sínú báfù tí wọ́n fi ń fọṣọ, tí ọṣẹ hó bò mí lórí. Mo ń rí ìfóòfó náà lójú mi kedere, imú mi ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi já lu ọ̀rọ̀ mi pé òun ni nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ sí, pé wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ìtàn tí màmá wa máa ń sọ ni mo jí gbé láìmọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí tìẹ gbé ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Òjìji rẹ ni mo máa fi ṣáájú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà lo kọ́kọ́ kà á sí. Oòrùn ti lọ sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kó wọ̀, òjìji rẹ sì gùn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó ga ju èmi bàbá rẹ lọ. O gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun náà gbé e. O sáré, ó sáré. O yíjú pa dà wìì bí ẹni tó fẹ́ mú olè, ó ṣì wà níbẹ̀. “Ó ń tẹ̀lé mi,” lo wí fún màmá rẹ. Kò sí ẹ̀rù nínú ohùn rẹ rárá, ẹjọ́ lo ń rò. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ ti di ọ̀rẹ́. Tó o bá jí, òun lo ń kọ́kọ́ bi wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lo bá jáde lọ wá a. Oòrùn wà láàárín orí gan-an, òjìji ti ká jọ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kò ju nǹkan téèyàn lè fi ọwọ́ bò lọ. O wá a yí ilé po, o bú sẹ́kún pé ó ti lọ. Nígbà tó pa dà wá nírọ̀lẹ́, o sá wọlé lọ gbé aṣọ ìnura, o tẹ́ ẹ lé e lórí, o ń fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, o ní kó sùn. Òjìji gun orí aṣọ ìnura. O ká aṣọ kúrò, o tún fi bò ó. Ó tún gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ṣe bẹ́ẹ̀. O wá gbójú sókè wò mí, ojú àárẹ̀ tí èmi náà fi máa ń wò ọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òun gan-an ló wà lójú rẹ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ sọ ọ́ tán. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, nígbà tí ojúmọmọ máa ń gùn jù lọ́dún lápá àríwá ayé tá a wà yìí, oòrùn ṣì wà níta tá a bá ní kó o wá sùn. Ìdáhùn kan ṣoṣo lo ní: “Oòrùn ò tíì sùn.” Ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn? Màmá rẹ fi kúbùsù bo fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò kan tó tó orí abẹ́rẹ́ wọlé, ó balẹ̀ sára ògiri, o sì dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ò ń pariwo bí ẹni tó rí owó he: “Ó wà níbí!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní tiẹ̀ ń bá oòrùn ṣẹjọ́ mìíràn. Ó kà á nínú ìwé pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni ayé máa ń jìnnà sí oòrùn jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 152 kìlómítà, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ni níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ó fìbínú gbé ìwé wá bá mi: kí ló wá dé tí ooru fẹ́ pa wá? Mo gbé bọ́ọ̀lù, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo dẹ bọ́ọ̀lù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ayé ṣe dẹ̀ ní ìwọ̀n díígírì 23.4, mo ní kó wo apá tó kọjú sí iná bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ tààrà, tó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Kí n tó débi tí ọ̀rọ̀ ti dùn, ìwọ ti gbé ayé sá lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Fáànù bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ooru mú jù, mo sì jágbe mọ́ gbogbo yín lórí nǹkan tí mi ò tiẹ̀ rántí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin wọ yàrá lọ. Màmá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀, báfù ńlá ló gbé síta, tó ń pọn omi sí i. Mo gbé àga ti báfù náà, mo jókòó, mi ò mú fóònù dání, torí omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ lè gbé ọmọ kékeré, kì í sì í pariwo. Nígbà tó yá, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ní òun ti dàgbà ju báfù lọ wá ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.

O gbé ìka rẹ wá han mí, gbogbo rẹ̀ ti hunjọ. “Bàbá, ó ti bàjẹ́.” Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ló ń wọnú awọ, àmọ́ iṣan ìmọ̀lára ló ń fún òpójẹ̀ inú ìka pọ̀, tí awọ fi ń hunjọ. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn dókítà ti rí i pé ìka tí iṣan rẹ̀ bá ti kú kì í hunjọ nínú omi. Mo ṣàlàyé fún ọ. O ní kí n ṣáà tún un ṣe. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìwọ náà sì gbà pé ó ti sàn.

Ti alẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ló kù. Àwọn ìràwọ̀ tó máa ń já lóṣù yẹn, Perseids, la jáde lọ wò. Eruku ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju horo iyanrìn lọ. Ìràwọ̀ onírù kan tó ń jẹ́ Swift-Tuttle ló ń tú wọn dà sójú ọ̀nà. 1992 ló gba tòsí wa kẹ́yìn, ó di 2126 kó tó tún dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin fìka ṣírò nínú òkùnkùn, ó ní nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan ni ojú rẹ lè tó o, ìyẹn tó o bá lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ìwọ ńkọ́? O ń hanrun. Mo gbé ọ lé àyà lórí ẹní, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń kà á: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Nígbà tó di mọ́kànlá lo lajú. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń kọjá lókè, iná pupa ń ṣẹ́ wài wài nídìí rẹ̀. O nawọ́ sí i.

“Ìràwọ̀!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin la ẹnu láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Méjìlá,” ló wí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ