Ara Tó Tutù Kò Tíì Yá

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. O ní dẹ́ńgì, àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tún ti gbòde ní Salvador ní Brazil níbẹ̀, pé ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé dè, àmọ́ ara rẹ̀ ti tutù, ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ara tó tutù yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Nílé níbí, bí ibà bá mú èèyàn, tó lo oògùn, tó làágùn, tí ara sì tutù, ọpẹ́ ló kù. Dẹ́ńgì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ara bá ń tutù gan-an, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje àìsàn, ni wákàtí 24 sí 48 tó léwu jù máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ a máa jò gba ara iṣan bọ́ sínú ikùn àti àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú iṣan á ki, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ṣe ti kọ́ mi pé àgbàlagbà tó wà nínú ewu báyìí ṣì lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ geere. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí o dì mú. Ṣé ó tutù nini? Tẹ èékánná rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí o sì tú u sílẹ̀: bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó pọ́n padà, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Inú rírun tí kò dáwọ́ dúró, èébì léraléra, ẹ̀jẹ̀ lára eyín tàbí ní imú, ìgbẹ́ dúdú, mímí gúlegúle, kí ara má lélẹ̀ tàbí kí ó kàn máa tòògbé ṣáá: ẹyọ kan péré nínú wọn tó. Èyí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin: bí nǹkan oṣù bá bọ́ sí àsìkò náà tó wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú.

Ìwọ náà, rántí pé ó mú ọ ní èṣí. Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò àìsàn yìí. Èyí tó mú ọ kò ní padà, ṣùgbọ́n mẹ́ta yòókù wà níbẹ̀, ìgbà kejì tó bá mú èèyàn ló sì máa ń fẹ́ le jù. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kí ẹ lò. Mo mọ̀ pé ibuprofen kì í wọ́n nínú báàgì rẹ. Kó o kúrò, òun àti aspirin, wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ẹ mu omi dáadáa, omi àgbọn náà dára.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ní 2024, ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tí wọ́n kà mọ́ dẹ́ńgì ní Brazil, àwọn tó kú sì ju 5,000 lọ. SUS, ètò ìlera ìjọba wọn, kì í gbowó, àlejò ni o, onílùú ni. Mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí UPA, ilé ìtọ́jú pàjáwìrì wọn, lónìí, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ń ki, bóyá èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ń dín kù. Bí kò bá lè dìde, 192, nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn, ni kí o pè. Bí ẹ bá ti débẹ̀, pè mí, aago yòówù tó lè jẹ́.

Ìyá rẹ