Lẹ́tà láti Àjàṣẹ́: sẹ́ẹ̀lì erìgì àti àrokò bakitéríà

Àjàṣẹ́

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù Lyon. Àlàáfíà ni gbogbo ilé wà, wọ́n ní kí n kí ọ. O ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bí sẹ́ẹ̀lì erìgì ṣe ń dáhùn sí ọ̀rọ̀ tí bakitéríà ń bá ara wọn sọ, o sì fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀ ju ibi tó ti ń dára lọ, nítorí náà lẹ́tà yìí á gùn díẹ̀.

Bakitéríà kọ̀ọ̀kan ń tú mólékù kékeré sí àyíká rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pọ̀ tó lójú kan, mólékù náà á dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn á sì yí ìwà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 1970 ni wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ lára Vibrio fischeri tó ń tàn nínú òkun, ní 1994 ni wọ́n sì sọ ọ́ ní quorum sensing. Èmi a máa pè é ní àrokò. Bakitéríà fi í ránṣẹ́ sí bakitéríà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì erìgì tó wà lójú ọ̀nà ń tú u wò, ó ń mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, ó sì ń gbéra kí ogun tó dé.

Má ṣe da àwọn àrokò náà pọ̀. Èyí tí ìwádìí pọ̀ lé lórí jù ni 3-oxo-C12-HSL ti Pseudomonas aeruginosa. Àlejò ni Pseudomonas lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń rí i nínú àlàfo erìgì àwọn aláìsàn kan. Àwọn onílé, bíi Porphyromonas gingivalis àti Fusobacterium nucleatum, AI-2 ni wọ́n ń lò, èyí tí ẹ́ńsáìmù LuxS ń ṣe. Streptococcus mutans tó ń dá ihò sí eyín ní tirẹ̀ ń rán pẹ́pútáìdì CSP, ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì 21, tí wọ́n á gé kù sí 18 kó tó múná.

3-oxo-C12-HSL fẹ́ràn ọ̀rá, ó sì ń gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá tààrà. Kò nílò TLR4, olùgbà tó ń mọ LPS, èròjà ara awọ òde bakitéríà. Lẹ́yìn náà NF-κB, purotéènì tó ń tan jíìnì ìjà, á wọ inú núkílíọ́ọ̀sì, sẹ́ẹ̀lì á sì máa tú IL-8, purotéènì ìpè, jáde láti fi pe nútírófíìlì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, wá. Èyí tó wù mí jù ni ti CSP. T2R14 ni sẹ́ẹ̀lì awọ òde erìgì fi ń mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú nǹkan bí olùgbà ìkorò 25 tí ènìyàn ní, ìdílé tí ahọ́n fi ń mọ̀ pé ewúro korò! Kálísíọ́mù á ròkè nínú sẹ́ẹ̀lì, IL-8 á sì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀nà èémí, ẹbí rẹ̀ T2R38 ló ń mọ àrokò Pseudomonas, ó sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì: ẹni tó jogún irú PAV ń dáhùn gan-an, ẹni tó jogún irú AVI lọ́wọ́ bàbá àti ìyá kì í fẹ́ẹ̀ dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì ènìyàn púpọ̀ pọ̀ sínú àwo kan. Lo ti ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Fún 3-oxo-C12-HSL, láàárín 1 sí 25 µM ni kí o ti máa retí ìdáhùn. Bó bá di 50 sí 100 µM, ọ̀pọ̀ irú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. PON2, ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ba àrokò náà jẹ́, ń ṣí òrùka tó wà lára mólékù rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ásíìdì tó há sínú sẹ́ẹ̀lì. Bí ásíìdì ọ̀hún bá pọ̀ jù, òun gan-an á pa á. Nítorí náà, bí IL-8 bá wálẹ̀ ní 100 µM, má tíì kọ ọ́ pé àrokò náà ń pa ìgbóná ara erìgì. Ṣe MTT tàbí LDH, ìdánwò bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, lórí àwo kan náà ná. Òkú kì í pe ẹnikẹ́ni.

Bí o bá ń gba ẹran erìgì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń yọ eyín ọgbọ́n wọn, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda, fi PBS (omi oníyọ̀) tó ní pẹnisílínì, streptomycin àti amphotericin B 2.5 µg/mL fọ̀ ọ́ léraléra. Gé e sí 1 mm, jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ àwo fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí o tó rọra da DMEM (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì) oní sírọ́ọ̀mù (omi ara ẹ̀jẹ̀) 10% sí i. Bí o bá kánjú, ẹran á léfòó, kò sì ní hù. Fíbúróbláàsì, sẹ́ẹ̀lì abẹ́ awọ erìgì, á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lò wọ́n láàárín ìpín 3 sí 8, ìyẹn iye ìgbà tí o ti pín wọn sí àwo tuntun. Sẹ́ẹ̀lì awọ òde ń fẹ́ omi tí kò ní sírọ́ọ̀mù, kálísíọ́mù bíi 0.09 mM, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á gbó, wọn ò ní pọ̀ mọ́.

Mycoplasma, bakitéríà kékeré tó máa ń wọ inú àwo sẹ́ẹ̀lì, ńkọ́? Pẹnisílínì kò ràn án, nítorí kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì tí pẹnisílínì ń bà jẹ́. Kì í sọ omi di rúdurùdu, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń ru IL-8 sókè. Fi PCR, ìdánwò tó ń wá DNA rẹ̀, yẹ àwo wò lóṣooṣù.

Ó kan àrokò fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n mólékù 3-oxo-C12-HSL jẹ́ 297.4, nítorí náà 10 mg nínú DMSO (omi tí a fi ń yọ́ ọ) gbígbẹ 672 µL á fún ọ ní 50 mM. Pín in sí 20 µL, 20 µL, fi sí −20°C, má sì dá èyí tó bá ti yọ́ padà. DMSO ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi ló sì ń ṣí òrùka mólékù náà, pàápàá bí pH bá ga. Àwo tó pẹ́ níta CO2 5%, tí omi rẹ̀ ti pọ́n bíi zobo, ti ń ba àrokò rẹ jẹ́ lọ́wọ́. Níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ìdáàmú gidi nìyẹn. Lọ́dọ̀ tìẹ, kí o má ṣáà jókòó sórí àwo.

Sírọ́ọ̀mù náà ní PON1 tó ń jẹ ẹ́. Gbé fíbúróbláàsì sínú omi tí kò ní sírọ́ọ̀mù fún wákàtí 12 sí 24 kí o tó fún wọn. Sẹ́ẹ̀lì 50,000 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àwo oníhò 24, omi 500 µL. Inú DMSO ni kí o ti là á sí ìwọ̀n tó fi ìlọ́po 500 ju èyí tí o fẹ́ lọ, kí gbogbo ihò lè gba DMSO 0.2% bákan náà. Pò ó pọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ọ̀pá kékeré, má kán an sórí sẹ́ẹ̀lì. Bó bá dọ̀tí lójú, ó ti dì nìyẹn. Dà á nù.

Fún ìfiwéra: ihò tí o kò fi nǹkan sí, ti DMSO nìkan, TNF-α 10 ng/mL tó ń ru IL-8 sókè dájú, àti àrokò tí o ti ṣí òrùka rẹ̀. NaOH ni kí o fi gbé pH èyí sókè, fi sílẹ̀ di òwúrọ̀, dá a padà sí 7.4. Má jẹ́ kó kan bí ásíìdì: ní pH 2 òrùka náà á tún padà dì. Fi polymyxin B, tó ń dè LPS mọ́lẹ̀, sí ihò kan pẹ̀lú. Bí IL-8 bá lọ, LPS lo ti ń wọ̀n, kì í ṣe àrokò.

Wo p65, apá kan NF-κB, nínú núkílíọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú 30 sí 60, mRNA IL-8 ní wákàtí 2 sí 4, ELISA tó ń wọn IL-8 fúnra rẹ̀ ní wákàtí 6 àti 24. Bí o bá lo P. gingivalis alààyè, ẹ́ńsáìmù rẹ̀, gingipain, á gé IL-8 jẹ. mRNA á ga, ELISA á ṣófo. Lára ọ̀rọ̀ AI-2, omi tí wọ́n sẹ́ kúrò lára bakitéríà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, LPS ló kún inú rẹ̀. DPD, èròjà tí AI-2 ti ń wá, tí wọ́n ṣe ní láàbù ni kí o rà, kí o sì fi Vibrio harveyi BB170 tó ń tàn bó bá rí AI-2 wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ iṣẹ́ yìí níbí á béèrè bóyá orín ata ń pa àrokò náà lẹ́nu mọ́. Ó ṣeé wò, lórí Chromobacterium violaceum CV026, tí kì í ṣe àrokò fúnra rẹ̀, tí o sì ti fún ní C6-HSL kó lè yọ àwọ̀: bí àwọ̀ àlùkò rẹ̀ bá pòórá ní ìwọ̀n tí kò dí ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí kòkòrò náà bá kú, o kò tíì rí nǹkan kan.

Tí àwòrán p65 àkọ́kọ́ bá ti jáde, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ti DMSO rẹ̀, kí a jọ wò ó kí o tó náwó lórí ELISA. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkàndé