Ẹ má fi wáyà gún ojú jẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde fún àwa tó ní alùpùpù àtijọ́, pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú ṣáá, ká tú kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ká fi wáyà tín-ín-rín gún ojú jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, idẹ kékeré onihò tí epo ń gbà kọjá, títí ìdọ̀tí á fi jáde. Bí kò bá sì gbọ́, ká lọ ra kábúrétọ̀ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Aránṣọ ni mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, mo sì mọ ohun tí irin máa ń fi ojú ihò kékeré ṣe.

Alùpùpù bàbá mi ni mo ń gùn. Nígbà tí wọ́n papò dà, ọdún mẹ́fà ló fi dúró sójú kan, tòun ti epo nínú. Kò sẹ́ni tó rántí epo náà nínú wa. Ọjọ́ tí mo ṣí ìdérí tánkì, òórùn tó kọlù mí kì í ṣe ti bẹntiróòlù mọ́, bíi ti fáníìṣì tí wọ́n ń kùn sára àga ni. Bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróòlù tó bá pẹ́ nílẹ̀ ṣe máa ń rí. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìyókù á di oje tó ń lẹ̀ mọ́ inú kábúrétọ̀. Bí ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, bá tún wà nínú epo ọ̀hún, bíi ti èyí tí wọ́n ń pè ní E10, á máa fa omi mọ́ra, tánkì onírin á sì dípẹtà.

Mo da epo náà jáde, mo fọ tánkì, mo rọ tuntun, mo sì ta á. Ó jí! Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, torí ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti ń bọ̀ wálé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ṣóòkì, ohun tí à ń fà láti fi ta ẹ́ńjìnnì tó tutù, nìkan ló gbé e dúró. Bí mo bá ti dá ṣóòkì padà, ó ti kú nìyẹn. Bí mo bá yí ọwọ́ kó sáré, á máa dún kíkankíkan. Bí mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀, á dákẹ́.

N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rọ náà ti jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń sáré. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń bọ́ ọ nígbà tí alùpùpù bá dúró sójú kan. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré yìí kò tó ìdajì mìlímítà, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dí. Ṣóòkì tí mo fà ń dín atẹ́gùn kù, ó ń mú kí epo pọ̀ sí i, ó sì ń bo ebi tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀.

Mo pe mẹkáníìkì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lọ́yàyà. Ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni.” Ó já fọ́nrán kan lára wáyà bíréèkì, ó tì í bọ inú jẹ́ẹ̀tì kékeré, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì kò kú mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èéfín dúdú ti ń jáde, epo ń tán bí ẹni pé tánkì ń jò, nígbà tí mo sì tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ó dúdú bí èédú. Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo bó ṣe yẹ, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń ní, kì í dúdú, kì í sì í funfun.

Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì. Irin ni wáyà bíréèkì, irin sì le ju idẹ lọ. Gbogbo yíyí tó ń yí wáyà yẹn, ara jẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń ha kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí, ihò náà sì fẹ̀ débi pé epo ń pọ̀ jù. Bí abẹ́rẹ́ bá lu aṣọ, òwú ṣì lè padà pa ojú rẹ̀ dé. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì náà yí gbogbo súkúrúù tó wà lára kábúrétọ̀, kò gbọ́, ló bá ní kí n sọ ọ́ nù. Ohun tí mo bá pàdé nínú ìwé ìròyìn yín gan-an nìyẹn.

N kò sọ ọ́ nù. Mo gbé e jáde sí gbangba lọ́sàn-án gangan, láìsí iná kankan nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń gbà lọ bá iná níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Mo ń ya fọ́tò bí mo ṣe ń tú u. Kí n tó yọ súkúrúù atẹ́gùn, mo kọ́kọ́ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, mo ń ka iye ìgbà tó yí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ra jẹ́ẹ̀tì kékeré tuntun tó ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ti àtijọ́, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe kábúrétọ̀ náà. Ẹ má ṣe fojú kéré èyí, nítorí nọ́ńbà Mikuni àti ti Keihin, orúkọ kábúrétọ̀ méjì, kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

Àwọn ihò yòókù, mo rẹ wọ́n sínú oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ mọ́jú, mo fi páǹpù táyà fẹ́ wọn, mo sì gbé jẹ́ẹ̀tì ńlá síwájú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé bá rí róbótó, ó ti mọ́ nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un rẹ. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù, kó lo fọ́nrán okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, kò lè ha idẹ. Àwọn kábúrétọ̀ kan wà tí jẹ́ẹ̀tì kékeré wọn kò ṣe é tú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi wáyà ba irú ìyẹn jẹ́ ti ba ohun tó ṣòroó pààrọ̀ jẹ́.

Nígbà tí mo tò ó padà, alùpùpù náà ń dún dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti gùn ún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú. Gbogbo èèyàn sọ pé kábúrétọ̀ náà ló tún dé. Mo dúró létí ọ̀nà, mo ṣí ìdérí tánkì láti wo epo, mo sì gbọ́ “fíín!”, atẹ́gùn ń wọlé. Mo dé e padà, mo ta á, ó jí. Ihò kékeré wà lára ìdérí yẹn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Eruku ti dí i pa, kò sí ohun tó lè rọ́pò epo tó jáde, ni epo bá dúró. Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àìsàn náà sì tán. Ká ní mo ti ra kábúrétọ̀ tuntun, ìdérí yẹn ì bá ṣì máa pa á.

Epo tún ń kán nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ fúlóòtì, èyí tó ń dí ọ̀nà epo bí kábúrétọ̀ bá ti kún, ló ti jẹ, mo sì pààrọ̀ rẹ̀.

Olóòtú, àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín gbà yín gbọ́, ẹlòmíì lè ti máa já fọ́nrán wáyà lọ́wọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àtúnṣe jáde níbi kan náà tí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ wà, kí ẹ sì fi kún un pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbé alùpùpù rẹ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ti tápù epo pa, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jẹ ìyókù tó wà nínú kábúrétọ̀ títí á fi kú fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ tó ń gun alùpùpù bàbá rẹ̀