Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀tanú

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ wọn nípa ẹ̀tanú, ẹ bá mi dá sí i." O tún ní eré Jane Elliott, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà nì, lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mo mọ ìdí tó fi wù ọ́. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pa Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lóṣù kẹrin ọdún 1968, obìnrin yẹn pín kíláàsì rẹ̀ ní Riceville, ìpínlẹ̀ Iowa, sí méjì: ẹlẹ́yinjú búlúù lọ́tọ̀, ẹlẹ́yinjú búráùn lọ́tọ̀. Ó ní apá kan dáa ju èkejì lọ. Kò pẹ́ táwọn tó pè ní ẹni iyì fi ń fojú di àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni gbogbo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Kíláàsì tìẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti dán irú rẹ̀ wò rí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni, mo so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọwọ́ ìdajì kíláàsì (ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí). Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn. Ó tú ríbọ́ọ̀nù tiẹ̀, ó ká a róbótó, ó wá gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú, èmi ti ní tèmi." Ẹnu mi wọhò.

Lọ́jọ́ kejì mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tọrọ àforíjì, mo sì bi í bóyá mo lè mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ fáwọn yòókù. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kí n má sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá ìkàwé wa, níbi tá a ti ń yá ìwé, wà.

Àtẹ̀gùn náà la wá kọ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi: ṣé ẹni tó kọ́ ilé yìí kórìíra ẹnikẹ́ni ni? Wọ́n ní rárá o. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ bẹ ẹlòmíì kó tó rí ìwé yá? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ kan wá ní, "Wọn ò rò ó pé irú rẹ̀ máa wá síbí." Àṣé ìwà ìrẹ́nijẹ lè wà láìsí ìkórìíra nínú rẹ̀! Ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ kò sọ ìyẹn fún mi.

Bó o bá ṣì fẹ́ ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe, wo ọgbọ́n tí Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, dá ní Austin, ní Texas, lọ́dún 1971, nígbà táwọn ọmọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jọ kàwé tí wọn ò sì gbọ́ra wọn yé. Ó gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan láti fi kọ́ àwọn yòókù. Ẹni tí kò bá fetí sí ẹnì kejì rẹ̀, ẹ̀kọ́ tiẹ̀ ò lè pé. Ìṣirò pàápàá, o lè fi kọ́ wọn.

Yàrá ìkàwé yẹn ṣì wà lókè títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà, wọ́n sì rí àpótí ìwé ńlá kan gbà sísàlẹ̀. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló ń mójú tó o. Ó bu owó ìtanràn lé mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbẹ̀bẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ